Àṣìṣe Tí A Máa Ń Ṣe Bí A Bá Ń Fi Àkọsílẹ̀ Àtijọ́ Jiyàn Lórí Ìgbóná Ayé

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú gan-an nínú oṣù kìn-ín-ní, a jókòó ti iná lẹ́yìnkùlé wa ní Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, ètè gbogbo wa ti bó. Bàbá mi kékeré, tí wọ́n ní oko kajú lọ́nà Ìkòyí, fa aṣọ mọ́ra, wọ́n ní, “Ṣé ayé tí ẹ̀yin olùkọ́ ní ó ń gbóná nìyí?” Kí n tó dáhùn, ọmọ wọn ti gbé fóònù síwájú mi: àwòrán ọkọ̀ tí òjò dídì bò mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, àti ọ̀rọ̀ gígùn kan tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ó kún fún ọdún (1814, 1936, 1998), tí wọ́n fi ń jiyàn pé ayé kò gbóná ju ti àtijọ́ lọ.

Mo kà á tán. Jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ìbéèrè kì í bí mi nínú, pàápàá ìbéèrè ẹni tí oko rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọyẹ́ àti òjò. Òótọ́ sì pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ gígùn yẹn. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé wọ́n di ẹrù tí òótọ́ náà kò lè rù lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti orí ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ni, láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni ó ti ń gbé eruku bọ̀. Nítorí pé ó gbẹ, tí ìkùukùu kò sì sí lójú ọ̀run, ooru tí ilẹ̀ fà lọ́sàn-án a tú lọ lóru, òwúrọ̀ a sì tutù nini. Nígbà tó bá fi máa di aago méjì ọ̀sán, ẹni tó wọ ẹ̀wù òtútù láàárọ̀ ti bọ́ ọ sílẹ̀. Òwúrọ̀ Ọ̀gbómọ̀ṣọ́ kò lè jẹ́rìí fún ọ̀sán Ọ̀gbómọ̀ṣọ́, kí a má tíì wá sọ ti gbogbo ayé. Ọmọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà kan, James Inhofe, ṣe irú àṣìṣe yìí ní oṣù kejì ọdún 2015, nígbà tí ó mú òjò dídì tí wọ́n ṣù bíi bọ́ọ̀lù wọ ilé ìgbìmọ̀ ní Washington, láti fi hàn pé ayé kò gbóná. Òtútù mú níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọdún náà fi máa parí, kò tíì sí ọdún tó gbóná tó o láti ìgbà tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ wọn ooru gbogbo ayé.

Yìnyín tiwa náà máa ń tan ènìyàn jẹ. Bí àkọ́rọ̀ òjò bá dé, tí yìnyín ń lu páànù, tí àwọn ọmọdé ń ṣà á jẹ, ẹ ó gbọ́ tí ẹnìkan á ní ojú ọjọ́ òyìnbó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Ooru ló bí yìnyín yẹn. Ooru oṣù kẹta ló ń ti afẹ́fẹ́ olómi lọ sókè réré, níbi tí òtútù ti ń sọ omi di òkúta, tí ìjì ń gbé e lọ gbé e bọ̀ títí yóò fi wúwo jábọ́. Òjò dídì ti òkè òkun, èyí tó rí bí òwú, ọ̀tọ̀ ni.

Òjò dídì náà ló ṣòro jù láti ṣàlàyé fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, nítorí pé púpọ̀ rẹ̀ kò fi dandan jẹ́ púpọ̀ òtútù. Nǹkan méjì ni ó nílò: òtútù tó tó kí omi dì, àti omi fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá fi digiri Celsius kan gbóná sí i, omi tí ó lè gbà mọ́ra á fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, òjò dídì fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ilé mọ́lẹ̀ lágbègbè Buffalo ní Amẹ́ríkà. Adágún Erie tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn kò tíì dì. Afẹ́fẹ́ tútù gba orí omi rẹ̀ tó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá, ó fa omi mu, ó sì dà á lé wọn lórí. Ká ní adágún náà ti dì ni, ohun tí afẹ́fẹ́ á rí fà kò ní tó nǹkan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ooru ṣe tó, kó wo òṣùwọ̀n ooru, kó fi iye òjò dídì sílẹ̀.

1814 ni ọdún tí odò Thames dì ní Lọ́ńdọ̀nù, tí àwọn ènìyàn pàtẹ ọjà lórí rẹ̀. Ó ṣẹlẹ̀, ayé ìgbà yẹn sì tutù ju tìsinsìnyí lọ. Ṣùgbọ́n afárá náà lọ́wọ́ sí i: afárá àtijọ́ ìlú yẹn ní òpó nínípọn púpọ̀ tó ń dá omi dúró, tí yìnyín fi ń rí ibi kó jọ sí. Wọ́n wó o ní 1831, odò sì ń ṣàn geere. Ẹ má fi odò jẹ́rìí láìkọ́kọ́ bèèrè ohun tí ọwọ́ ènìyàn ti yí padà lára rẹ̀.

Bó bá jẹ́ àkọsílẹ̀ àtijọ́ la fẹ́, adágún Suwa ní Japan wú mi lórí ju Thames lọ. Láti 1443 ni àwọn àlùfáà ibẹ̀ ti ń kọ ọjọ́ tí ó dì sílẹ̀, láti ìran dé ìran. Láàárín 250 ọdún àkọ́kọ́, ọdún 3 péré ni kò dì. Láàárín 2005 sí 2014, ọdún 5 ni kò dì. Ìwé àtijọ́ ni ìyẹn náà, àmọ́ kò sí nínú ọ̀rọ̀ orí WhatsApp.

Ooru 1936 ṣe Amẹ́ríkà léṣe, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ojú ayé lọ. Ní ti 1998, àwọn tó ń ra kajú lọ́wọ́ wa mọ ọgbọ́n yẹn dáadáa: ẹni tó bá fẹ́ sọ pé owó ọjà ń já, ọdún tí owó rẹ̀ ga jù ni yóò fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò. El Niño, ìgbóná omi òkun Pàsífíìkì tó máa ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún mélòó kan, mú kí 1998 gbóná lọ́nà àrà, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀ pé ayé kò gbóná mọ́. Gbogbo ọdún láti 2015 dé 2024 ló gbóná jù ú lọ. Ohun kan náà ni wọ́n fi yìnyín orí òkun àríwá ayé ṣe. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, ó sún kì títí ó fi ku nǹkan bíi mílíọ̀nù 3.4 kìlómítà níbùú lóròó. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ó lé ní mílíọ̀nù 5, ariwo sì ta pé yìnyín ti padà. Ní nǹkan bí ọdún 1980, ó ju mílíọ̀nù 7 lọ.

Ẹ má sì rò pé àwọn tó ń ṣiyèméjì nìkan ló ń ṣì í ṣe. Ní 2007, IPCC, ìgbìmọ̀ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ojú ọjọ́, kọ ọ́ sínú ìròyìn rẹ̀ pé yìnyín orí òkè Himalaya lè yọ́ tán kó tó di 2035. Kò sí ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀rọ̀ náà. Àwọn tó mọ yìnyín òkè yẹn dunjú ló ta kò ó, ìgbìmọ̀ náà sì gbà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2010 pé àwọn ṣe àṣìṣe. Bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀ nìyẹn: yìnyín Himalaya ni wọ́n fi dáhùn ọ̀rọ̀ Himalaya. Ní ìpínlẹ̀ wa níbí náà, bí ẹnìkan bá ní ìyípadà ojú ọjọ́ nìkan ló ń fa gbogbo omíyalé, ẹ rán an létí Ògùnpa ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980. Òjò ńlá ló rọ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi dí odò náà lọ́nà, ọ̀pọ̀ ẹ̀mí sì bá a lọ.

Ohun tó dùn mí jù lọ́jọ́ yẹn ni pé nínú gbogbo ọdún tó wà nínú ọ̀rọ̀ gígùn náà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti ilẹ̀ wa. Bàbá mi kékeré ní òjò àìròtẹ́lẹ̀ ti ba òdòdó kajú àwọn jẹ́ léraléra, pé kò rí bẹ́ẹ̀ láyé bàbá àwọn. Mo bi wọ́n pé ọdún wo ni, oṣù wo ni. Wọn kò rántí. N kò sì lè fi ìrántí nìkan gbà á, gẹ́gẹ́ bí n kò ṣe fi àwòrán orí fóònù gba tòtútù.

Mo fún wọn ní ìwé ìkọ̀wé kan, rúlà, àti agolo tí ẹnu àti ìdí rẹ̀ ṣe déédéé. A gbé agolo náà sí gbangba lóko, níbi tí igi kò bò. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa wò ó ní aago kan náà láràárọ̀, kí wọ́n má sì gbé e kúrò níbẹ̀, kí wọ́n kọ òdo sílẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò kò bá rọ̀, nítorí ọjọ́ tí òjò kò rọ̀ àti ọjọ́ tí a gbàgbé láti kọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ọmọ wọn tó gbé fóònù wá ló ń bá wọn kọ ọ́ báyìí.