Bí mo ṣe kó ẹyẹlé kúrò lórí òrùlé wa ní Kubwa láìpa ọ̀kankan

Omi ló kọ́kọ́ tú àṣírí wọn. Ìparí oṣù kọkànlá ni, ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Mo ṣí ẹ̀rọ omi nílé ìdáná kí n lè pọn omi sínú ìkòkò, ìyẹ́ kékeré kan sì bá omi jáde. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́, mo gbójú sókè. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì la ń gbé, orí wa gan-an sì ni tánkì ilé wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ páńẹ́lì sólà mẹ́fà tí bàbá onílé gbé síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá.

Láti ọjọ́ náà ni etí mi ti là sí wọn. Ìdájí ò tíì mọ́ tí wọ́n á ti máa ké lókè àjà, kúù-kùrùkúù, tí èékánná wọn á máa họ páànù. Aṣọ tí mo bá sá, wọ́n á ti su sí i kí n tó ká a. Ìnfátà tó máa ń kún kó tó di ọ̀sán kì í kún mọ́, torí ìgbẹ́ wọn ti bo páńẹ́lì méjì bí ẹni da ẹfun sí i.

Ìmọ̀ràn ò wọ́n mi lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyá Ìbejì tó ń gbé nísàlẹ̀ ní kí n po ọ̀tapíápíá mọ́ ọkà bàbà kí n fọ́n ọn sórí páànù. Ẹlòmíì ní kí n ra gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń mú eku. Mo kọ méjèèjì. Ẹyẹ tó jẹ májèlé lè má kú síbi tó ti jẹ ẹ́. Ó lè kú sínú tánkì, ó lè já sí àgbàlá níbi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré, ológbò tàbí àwòdì tó bá sì gbé òkú rẹ̀ jẹ náà ti gba tirẹ̀. Gọ́ọ̀mù ní tiẹ̀ máa ń lẹ ìyẹ́ pọ̀ ni, ẹyẹ náà ò ní lè fò mọ́, ebi àti oòrùn ni yóò sì pa á díẹ̀díẹ̀. Mi ò lè fẹ̀yìn lélẹ̀ kí n sùn lábẹ́ òrùlé tí irú ìyẹn bá ti ń ṣẹlẹ̀.

Mo lọ bá bàbá onílé. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, wọ́n ti pẹ́ ní òkè Ọya ju ọjọ́ orí mi lọ. Wọ́n tẹ́tí títí mo fi sọ̀rọ̀ tán, wọ́n ní, "Ìyàwó, ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá yẹrí lọ́jọ́ tí nǹkan bá le o."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ìdí nìyẹn tí ò fi yẹ kí onílé fi májèlé san án fún un. Ẹ jẹ́ kí n wá bí wọ́n á ṣe kúrò fúnra wọn."

Wọ́n ní kí n máa ṣe é lọ, àwọn á san owó káfíńtà.

Mo kọ́kọ́ fi ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ onírẹsì gbìyànjú. Mo ta téèpù inú kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ láti tánkì dé orí òpó, mo sì so CD tó ti bàjẹ́ mọ́ ọn. Lọ́jọ́ kìíní, gbogbo wọn fò lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n ti ń sùn lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ń kọ mànà ò ju ọjọ́ mélòó kan lọ lójú ẹyẹlé, tí ò bá ti rí i pé ó pa òun lára. Ẹ̀gbọ́n mi ní Èkó fẹ́ ra ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ tí wọ́n ní ó ń pariwo tí ènìyàn ò lè gbọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má náwó sí i, torí ohùn tó ga tó bẹ́ẹ̀, ẹyẹlé pàápàá kì í gbọ́ ọ.

Ìgbà tí mo jókòó wò wọ́n ni nǹkan tó yí padà. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni mo fi gbé àpótí sí àgbàlá láti bí aago márùn-ún títí wọ́n fi pe ìrun àṣálẹ́. Mo ka mọ́kàndínlógún. Oríṣi méjì ni wọ́n. Àwọn kan ni ẹyẹlé tí gbogbo wa mọ̀, aláwọ̀ eérú. Àwọn yòókù ni èyí tó pọ̀ lọ́dọ̀ wa níhìn-ín: ẹ̀yìn wọn pupa bíi bíríkì, apá wọn ní tótòtó funfun, awọ pupa sì yí ẹyinjú wọn ká bí ẹni lé tìróò pupa. Ibi mẹ́ta ni wọ́n ń wọ̀ sí: abẹ́ páńẹ́lì sólà, ihò kan létí òrùlé tí pákó rẹ̀ ti jẹrà, àti ẹ̀yìn ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lójú fèrèsé wa. Mo tún rí i pé méje nínú àwọn aláwọ̀ eérú ní òwú pupa lẹ́sẹ̀.

Òwú yẹn ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ Malam tó ń ta omi ní ìkángun àdúgbò wa, tó ń sin ẹyẹlé sínú àpótí onígi. Mo kí i, "Sannu, Malam," mo sì fi ìwọ̀nba Haúsá tí mo gbọ́ ṣàlàyé ara mi. Ó wo àwòrán tí mo yà, ó ní òun ló ni wọ́n. Ó ní àárọ̀ lòun máa ń fún wọn lóúnjẹ, tí wọ́n bá ti yó, wọ́n á jáde, ibi tí ilẹ̀ bá ṣú wọn sí ni wọ́n á sùn. Ó ní òun á yí i padà sí ìrọ̀lẹ́, nítorí ẹyẹlé tí ebi ń pa lálẹ́ kì í gbàgbé ilé. Láàárín ọjọ́ márùn-ún, olówùú pupa kankan ò sùn lórí wa mọ́. Ká ní mo ti gba ìmọ̀ràn ọ̀tapíápíá ni, ẹyẹ ẹlẹ́yẹ ni ǹ bá pa.

Oúnjẹ àti omi ló kàn. Ìyá Ìbejì ń ṣe kúnú tà, ẹ̀yìnkùlé ló sì ń sá ọkà bàbà sí. A wá kọ́tìnnì àtijọ́ olójú wẹ́wẹ́, a ń fi bò ó. Mẹgádì wa tó máa ń da àjẹkù tùwó sí ẹ̀bá ògiri gbà láti máa dà á sínú garawa onídèérí. Lórí òrùlé, bọ́ọ̀lù tó ń dí omi nínú tánkì ti bàjẹ́, omi ń ṣàn sínú gọ́tà láti ìdájí, àwọn ẹyẹ sì ń mu ún. Afẹ́fẹ́ ti gbé ọmọrí tánkì lọ. A ṣàtúnṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, a gbẹ́ omi tánkì dànù, a sì fọ inú rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ tí káfíńtà gbé àkàbà wá, mo gùn ún tẹ̀lé e. Lábẹ́ páńẹ́lì kejì, ìtẹ́ kan wà níbẹ̀: igi gbígbẹ mélòó kan, ọwọ́ ìgbálẹ̀, àti báíńdínwáyà tí àwọn bíríkìlà sọnù. Ọmọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Irun ara wọn dà bí òwú aláwọ̀ ìyeyè, ó fọ́n ká, awọ ara hàn lábẹ́ rẹ̀, àgógó wọn sì tóbi ju bó ṣe yẹ orí wọn lọ. Nígbà tí òjìji mi ṣú bò wọ́n, àwọn méjèèjì na ọrùn sókè, wọ́n rò pé ìyá wọn ni. Nínú ihò etí òrùlé, ẹyin funfun méjì ló wà níbẹ̀, ó ṣì gbóná.

Káfíńtà ti na ọwọ́, ó ní, "Madam, ẹ jẹ́ kí n kó wọn dànù ká ríṣẹ́ ṣe." Mo ní rárá. Ọjọ́ 17 sí 19 ni ẹyẹlé fi ń sàba lé ẹyin, ọmọ a sì lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó fò. Ìyá àti bàbá jọ ń bọ́ ọmọ ni, pẹ̀lú ohun kan bíi wàrà tó ń ti inú àpò ọ̀fun wọn jáde. Ẹni tó bá dí ihò mọ́ òbí síta ti dá ọmọ lẹ́jọ́ ikú nìyẹn, òórùn wọn á sì gba inú ilé. Mo kọ ọjọ́ sára kàlẹ́ńdà. Àwọn ibi tí ò sí ọmọ la kọ́kọ́ dí, kí tọkọtaya mìíràn má baà tún kó wá. Mo dúró dé ìparí oṣù kìíní. Nǹkan bí oṣù méjì ni mo fi ń fọ aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì kábàámọ̀.

Ọjọ́ tí ọmọ bá fò ni ẹ gbọ́dọ̀ dí ibẹ̀, nítorí òbí wọn lè tún yé ẹyin òmíràn kí ti àkọ́kọ́ tó kúrò pátápátá. Ohun tí mo ṣe kí n má baà há ẹyẹ mọ́ inú ni pé mo ká ìwé ìròyìn, mo fi dí ihò náà wọ́ọ́rọ́wọ́. Tí nǹkan bá wà nínú, á tì í jáde. Ọjọ́ kejì, ìwé náà wà bó ṣe wà. Káfíńtà wá pààrọ̀ pákó tó jẹrà.

Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ wọn gba ìṣọ́ra, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹ má ṣe gbá a ní gbígbẹ láéláé. Ohun kan tó jọ èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu máa ń wà nínú ìgbẹ́ ẹyẹ tó bá ti pẹ́, eruku rẹ̀ sì lè kó àrùn wọ ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn. Ọkọ mi ní ikọ́ fée, nítorí náà òun àti àwọn ọmọ kúrò nílé láti àárọ̀. Mo wọ ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà, mo lu ihò sí ọmọrí gálọ́ọ̀nù, mo fi omi ọṣẹ wọ́n gbogbo rẹ̀ títí ó fi rin gbindin, kí n tó fi pátakó ha á sínú àpò. Àpò sìmẹ́ńtì mẹ́rin ló kún. Níbi tí ó ti pẹ́ jù, páànù ti ń dípẹtà.

A lọ ra wáyà olójú tí wọ́n fi ń ṣe ilé adìẹ ní ọjà Dei-Dei. Ojú tí ò ju sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lọ tó láti dá ẹyẹlé dúró, ṣùgbọ́n ológoṣẹ́ á gba ibẹ̀ kọjá, mo wá yan èyí tí ojú rẹ̀ ò tó méjì. A fi yí ẹsẹ̀ páńẹ́lì ká. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu ihò sára páńẹ́lì. Ìkọ́ la fi kọ́ wáyà mọ́ etí rẹ̀. Lórí pèpéle ojú fèrèsé, káfíńtà kan pákó ní ìdagẹ̀rẹ̀ tó lé ní dígírì 45, ó fi àjákù páànù bò ó. Ẹyẹlé bà lé e lójú mi, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó tún bà, ó tún yọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ẹ̀yìn amúlétutù ni mo ti ṣe àṣìṣe. Àwọ̀n ọ̀rá ni mo ta síbẹ̀, mi ò fà á le. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, mo gbọ́ tí nǹkan ń gbọ̀n pẹ̀pẹ̀. Ẹyẹlé kan ti fi apá kọ́ àwọ̀n, bó ṣe ń jà ló túbọ̀ ń wé mọ́ ọn. Mo fi aṣọ ìnura bò ó lójú, ara rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Mo ń gé òwú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú sísọ́ọ̀sì, àyà rẹ̀ ń lù kìkì lábẹ́ ìka mi, ọwọ́ èmi náà sì ń gbọ̀n. Mo gbé e sínú páálí tí mo lu ihò sí, mo gbé páálí sí ibi tó ṣókùnkùn. Nígbà tó di ọ̀sán, mo ṣí i, ó fò gba orí ilé kejì lọ. Mo tú àwọ̀n náà, mo fi irin sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo fà á títí ó fi le bí awọ ìlù. Ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, mo máa ń fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò.

Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n ń padà wá wò bóyá a ti gbàgbé. Lẹ́yìn náà, wọ́n kó lọ sórí igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ní oṣù kẹrin, omi gọ́tà mọ́ gaara.

Káfíńtà bi mí lọ́jọ́ tó parí iṣẹ́ bóyá kí òun ha ìtẹ́ ẹlẹ́rẹ̀ tí alápàńdẹ̀dẹ̀ mọ sí igun àtẹ̀gùn náà kúrò. Mo ní kó fi í sílẹ̀, kó kan pákó pẹlẹbẹ sí abẹ́ rẹ̀ tí yóò máa gba ìgbẹ́ wọn. Wọ́n ti pamọ báyìí. Láti orí àtẹ̀gùn, mo lè ka ẹnu mẹ́ta.