Oṣù mẹ́jọ lórí fọ́tò karahun kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ kí n yáa kọ eléyìí sílẹ̀ báyìí tí inú ṣì ń bí mi, torí tí inú mi bá rọ̀ tán mi ò ní kọ ọ́ mọ́. Mo rò pé kéèyàn fún ìgbín tuntun lórúkọ, iṣẹ́ oṣù mélòó kan ni. Ọdún méjì ó lé ló gbà mí, oṣù mẹ́jọ nínú ẹ̀ sì rèé, fọ́tò ni mò ń retí.

Ìgbín ọ̀hún ò ju mìlímítà mẹ́sàn-án lọ, abẹ́ ewé gbígbẹ ló ń gbé, òsì sì ni karahun ẹ̀ yí sí: tẹ́ ẹ bá gbé ṣóńṣó orí ẹ̀ sókè tẹ́ ẹ wá kọ ẹnu ẹ̀ síra yín, ọwọ́ òsì lẹnu náà máa wà, bẹ́ẹ̀ ọ̀tún ni ọ̀pọ̀ ìgbín ń yí sí. Kíkó wọn, kíka ìyípo, wíwọ̀n, fọ́tò lábẹ́ máíkróskóòpù, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ gbogbo ìyẹn. Àmọ́ ẹ gbà mí láyè kí n fọ́nnu díẹ̀: èmi fúnra mi ni mo tú nǹkan ọmọ bíbí ẹ̀ sílẹ̀, tín-tìn-tín bí òwú, mi ò sì já ọ̀kan nínú ẹ̀. Karahun méjì lè jọra bí ìbejì kí inú wọn má jọra rárá.

Ibi tí wàhálà wà nìyí. Ẹnì kan ti fún ìgbín olósì kan lórúkọ láyé àtijọ́, ìlà mẹ́rin péré lédè Látìn, kò yàwòrán, kò sọ ibi tó ti rí i gan-an. Òfin sì ni pé orúkọ tó bá kọ́kọ́ jáde ló borí, láti orí ìwé tí Linnaeus, onímọ̀ ará Sweden tó fún àwọn ẹranko lórúkọ Látìn, ṣe ní 1758 títí dòní. Tí tèmi bá lọ jẹ́ ìyẹn, asán ni gbogbo làálàá mi. Àfi kí n rí holotype ẹ̀, karahun tí wọ́n gbé orúkọ yẹn lé gan-an, inú mùsíọ́mù kan ló sì wà.

Mo kọ ímeèlì. Wọn ò fèsì. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún, mo tún kọ, wọ́n ní ẹni tó ń bójú tó o ti fẹ̀yìn tì. Mo kọ sí ẹlòmíì, ó ní àwọn ń to dúrọ́ọ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí fọ́tò máa dé, ẹ ò ní gbà mí gbọ́, lébẹ́ẹ̀lì ni wọ́n yà! Lébẹ́ẹ̀lì náà mọ́lẹ̀ kedere o, karahun wá ń ṣe bàìbàì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Wọ́n ní jẹ́jẹ́ nìgbín ń gun igi, mi ò mọ̀ pé ó ti kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀.

Lẹ́yìn oṣù méjì sí i ni fọ́tò gidi dé. Mo wò ó, ọmọdé ìgbín ni, etí ẹnu ẹ̀ ò tíì gbó, bẹ́ẹ̀ etí ẹnu yẹn ni mo fẹ́ fi wéra. Mo ti fẹ́ pa kọ̀ǹpútà dé kí n tó rí ṣóńṣó orí ẹ̀, ìyípo tó ti ní látinú ẹyin. Torí pé ọmọdé ni, kò tíì ha rárá, ìlà wẹ́wẹ́ ló sì kún ibẹ̀. Tèmi ń dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́, ìgbín ọ̀tọ̀ ni! Mo pariwo!

Ìyókù ò lè tó yẹn. Àwọn tí mo kọ́kọ́ kó, inú ethanol, ọtí líle tá a fi ń tọ́jú wọn, ni mo fi wọ́n sí, àmọ́ omi ti pọ̀ jù nínú ẹ̀, DNA wọn ò jáde, mo padà lọ kó òmíì. Ẹni tó yẹ iṣẹ́ mi wò ní lédè Látìn, orúkọ ìran ìgbín náà abo ni, èmi ti fi -us, ìparí akọ, parí tèmi, mo yí i sí -a, ojú tì mí díẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti máa jáde, torí náà mo forúkọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ZooBank, ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún orúkọ ẹranko, kó tó jáde, ìyẹn yá.

Ká ní mo mọ̀ ni, ọjọ́ tí mo rí ìgbín yẹn ni mi ò bá ti kọ̀wé sí mùsíọ́mù, kí n tó fi ọ̀bẹ kàn án rárá, mi ò bá sì béèrè gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: iwájú, ẹ̀gbẹ́, òkè orí, ìdodo nísàlẹ̀ (ihò abẹ́ karahun), pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mùsíọ́mù yẹn kan náà kọ ímeèlì sí mi, wọ́n ń tọrọ karahun méjì nínú tèmi, wọ́n ní kí n jọ̀ọ́ kí n tètè fi ránṣẹ́. Mo ti kà á. Mi ò tíì fèsì.