Ẹ má jẹ́ kí máàpù tàn yín jẹ: àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi mọ́tò rin Ọsirélíà àti New Zealand

Àbúrò mi kan tó ń gbé London ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó yẹ kéèyàn la ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó fi plan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ọ̀sẹ̀ méjì péré o: Sydney, Melbourne, Uluru, Cairns, Perth, "lẹ́yìn náà a máa wá ya New Zealand díẹ̀", òun àtọ̀rẹ́ ẹ̀ á jọ máa gba mọ́tò wà lọ́wọ́ ara wọn. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo bi í pé ṣó mọ̀ pé láti Sydney dé Perth tó 3,900 kìlómítà, ó ní "ẹ̀gbọ́n, ṣebí orílẹ̀-èdè kan náà ni?" Orílẹ̀-èdè kan náà ni jàre. Èkó sí Kano tí gbogbo wa ń pè ní ọ̀nà jíjìn ò fi bẹ́ẹ̀ ju 1,000 kìlómítà lọ, ẹ wá ká a lẹ́ẹ̀mẹrin. Sydney sí Melbourne tó rò pé á dà bí Èkó sí Ìbàdàn, ó sún mọ́ 900 kìlómítà.

Máàpù orí fóònù ló ń fa gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fún un pọ̀, Ọsirélíà á wọ ojú fóònù yín bí Britain ṣe ń wọ̀ ọ́, ìlú méjì á wá dà bí ẹni pé wọ́n fẹ́ẹ̀ fara kanra. Àwọn tó ń lọ wo Uluru, àpáta pupa ńlá yẹn, ló ń jẹ̀ ẹ́ jù. Torí pé gbogbo èèyàn ló ń dárúkọ ẹ̀ pọ̀ mọ́ Alice Springs, wọ́n á wọ báàlù lọ sí Alice Springs, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa wá àpáta kiri. Àpáta ṣì wà ní nǹkan bí 450 kìlómítà síwájú, bẹ́ẹ̀ pápákọ̀ òfurufú kan wà nítòsí ẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ayers Rock Airport. Ẹ má sì ro gígùn rárá o, wọ́n ti fòfin dè é láti October 26, 2019. Ó ti pẹ́ táwọn Anangu tí wọ́n ni ilẹ̀ yẹn ti ń bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n má gun orí ẹ̀ torí ibi mímọ́ ni. Ẹni tó bá ti dé ojúbọ rí ò nílò àlàyé lórí ìyẹn.

New Zealand wá yí tiẹ̀ padà. Ìlú kékeré ni lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà ẹ̀ ló ń lọ́ bí ejò. Ẹ wo ìlú Queenstown àti Milford Sound, ibi tí òkun ti ya wọ àárín òkè, lójú máàpù, ẹ ó ní wákàtí kan ti tó, àmọ́ òkè ló wà láàárín wọn, ọ̀nà ní láti gba ìlú Te Anau yí po, wákàtí mẹ́rin ni àlọ nìkan. Àwọn kan á lọ wọ́n á tún bọ̀ lọ́jọ́ kan náà, wákàtí mẹ́jọ nídìí sítíárì, wọ́n á wá sọ fáwọn ará ilé pé àwọn rí Milford, kí ni wọ́n rí níbẹ̀ ju táyà ọkọ̀ iwájú lọ? Ẹ sun Te Anau, ẹ kún táńkì yín níbẹ̀, ẹ jí lọ ní kùtùkùtù. Tẹ́ ẹ bá dúró nítòsí ihò Homer Tunnel, ẹ máa rí àwọn ẹyẹ ayékòótọ́ aláwọ̀ ewéko kan tí wọ́n ń pè ní kea, ẹ má fún wọn lóńjẹ, ẹ sì má fi mọ́tò sílẹ̀ pẹ́, torí rọ́bà tó yí gíláàsì mọ́tò ká ni wọ́n máa ń já jẹ. Mi ò ṣàwàdà o.

Ohun tí mo sọ fún àbúrò mi ni pé kó mú ibì kan ṣoṣo. Bíi Great Ocean Road, ọ̀nà etí òkun kan ní gúúsù Ọsirélíà, 243 kìlómítà, ọ̀pọ̀ èèyàn á gbéra láti Melbourne láàárọ̀, wọ́n á sáré dé ibi àwọn òkúta inú òkun tí wọ́n ń pè ní Twelve Apostles, wọ́n á ya fọ́tò, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó padà. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí i.

Ọ̀rọ̀ ìgbà náà tún wà ńbẹ̀. Gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé December ni ooru wọn, àmọ́ ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé apá àríwá Ọsirélíà, bíi Darwin àti Kakadu, òjò ló ń rọ̀ ńbẹ̀ láti November títí wọ April. Bíi tilé wa gan-an, òjò àti ẹ̀rùn ni wọ́n ní, wọn ò ní ìgbà òtútù kankan tẹ́ ẹ lè pè lórúkọ. Omi á bo títì, wọ́n á ti Gibb River Road pa fún oṣù bíi mélòó kan, ẹyin tẹ́ ẹ ti sanwó mọ́tò á wá jókòó sínú hòsítẹ́ẹ̀lì ẹ máa wo fáànù. June sí August ni kẹ́ ẹ lọ sápá ibẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ gúúsù New Zealand lẹ ń lọ ní June, ẹ múra sílẹ̀ fún yìnyín lójú títì àti ṣéènì tí wọ́n ń dè mọ́ táyà. Ẹ sì má rò pé omi tó bo títì ò jìn, ọkọ̀ tí omi gbé lọ ò kéré.

Ó wá ku èyí tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí dáadáa, wíwa mọ́tò lóru. Àwa táa dàgbà ní Nàìjíríà, adigunjalè là ń bẹ̀rù lójú ọ̀nà lóru, tẹ́nì kan bá wá sọ fún wa pé kò sólè níbí, ọkàn wa á balẹ̀, a ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kàngárúù lolè ibẹ̀. Tóòrùn bá ti ń wọ̀ àti kílẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni wọ́n máa ń jáde wá jẹko lẹ́bàá títì, iná mọ́tò á ká wọn mọ́, dípò kí wọ́n sá wọgbó iwájú yín ni wọ́n á fò sí. Màlúù náà wà, torí àwọn oko màlúù kan ò ní ọgbà. Tí kàngárúù bá já lù yín, ẹ tẹ bùréèkì, ẹ di sítíárì mú kó dúró gbọin, ẹ má yà á, torí ẹni tó yà fún kàngárúù ló ń bára ẹ̀ nínú igi. Ọ̀pọ̀ àwọn oníháyà mọ́tò ní Northern Territory àti Western Australia ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ẹ ò gbọdọ̀ wà á lóru lẹ́yìn ìlú, tó bá wá ṣẹlẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, àpò yín lẹ máa fi tún un ṣe látòkèdélẹ̀.

Àwọn tírélà tún wà, road train ni wọ́n ń pè é, wọ́n so àwọn tírélà mẹ́ta mọ́ra wọn, ó lè gùn tó 53.5 mítà. Ẹ má fi ojú danfo wò ó kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ já a sílẹ̀. Tẹ́ ò bá rí títì tó mọ́ gaara lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ẹ máa gbọ́ orin yín.

Lórí ọ̀nà tó gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ Nullarbor lọ láti South Australia sí Western Australia, ibì kan wà láàárín Balladonia àti Caiguna tí títì fi gún régé fún 146.6 kìlómítà, kò ní kọ́nà kan ṣoṣo, ó gùn ju Èkó sí Ìbàdàn lọ. Oorun ló ń pa èèyàn níbẹ̀. Ilé epo kan sí èkejì lè sún mọ́ 200 kìlómítà, epo wọn sì wọ́n, àmọ́ ẹ kún táńkì bó ti wù kó wọ́n tó. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà á lọ pátápátá, Telstra, ilé iṣẹ́ fóònù wọn kan, ló ń dé ibi tó pọ̀ jù níta ìlú, síbẹ̀ òun náà á kú mọ́ yín lọ́wọ́, nítorí náà ẹ ti da máàpù sórí fóònù kẹ́ ẹ tó gbéra, kẹ́ ẹ sì sọ fẹ́nì kan ibi tẹ́ ẹ ń lọ àti ọjọ́ tẹ́ ẹ máa débẹ̀.

Tí mọ́tò bá wá kú sáàárín aṣálẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, mo tún ń sọ ọ́, ẹ má fi mọ́tò sílẹ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ ń fẹsẹ̀ rìn lọ wá mẹkáníìkì. Nílé, tí mọ́tò bá kú, tá a bá rìn ogún ìṣẹ́jú a ó rí vulcanizer kan lábẹ́ igi. Níbẹ̀ yẹn ẹ lè rìn ọjọ́ méjì kẹ́ ẹ má rí ẹ̀dá. Látòkè, inú báàlù, mọ́tò ni wọ́n máa kọ́kọ́ rí, èèyàn kéré jù lójú wọn. Ẹ jókòó síbòòji mọ́tò, ẹ fi omi sínú bọ́ọ̀tù kó pọ̀ ju èyí tẹ́ ẹ rò pé ẹ máa mu lọ. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè níjọ́ ìṣòro ní Ọsirélíà ni 000, ti New Zealand ni 111.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí oúnjẹ, torí ibí lọ̀rọ̀ wa pọ̀ sí. Màmá á ti di ẹ̀gúsí, ẹja gbígbẹ, pọ̀nmọ́, ewé ẹ̀fọ́ gbígbẹ, obì àti orógbó sínú báàgì, á ní "ẹ ò mọ ohun tẹ́ ẹ máa bá ńbẹ̀". Orílẹ̀-èdè méjèèjì yìí le lórí ohun tó bá ti ara ewéko tàbí ẹranko jáde, wọn ò fẹ́ kí kòkòrò tàbí àrùn wọlé bá oko wọn. Gbígbé e dání kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ tó ń ko bá èèyàn, pípa á mọ́ ni. Ẹ kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù, ẹ sọ pé oúnjẹ wà, ohun tó burú jù tí wọ́n lè ṣe ni kí wọ́n gbà á. Tẹ́ ẹ bá fàmì sí "rárá" tí ajá wọn wá jókòó ti báàgì yín, ní New Zealand, $400 tiwọn lójú ẹsẹ̀. Bàtà tẹ́ ẹ fi gun òkè níbòmíì tí erùpẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ báàlù, àgọ́ náà bẹ́ẹ̀. Gángan tẹ́ ẹ fẹ́ mú lọ fún ọ̀rẹ́ yín, awọ ló wà lójú ẹ̀, ẹ kọ òun náà sí i. Kò tán síbẹ̀ o, láàárín Ọsirélíà fúnra ẹ̀ gan-an, tẹ́ ẹ bá ń sọdá láti South Australia sí Western Australia, wọ́n á dá yín dúró ní Border Village, wọ́n á gba èso, ẹ̀fọ́ àti oyin lọ́wọ́ yín, tẹ́ ẹ bá sì ń bọ̀ padà, Ceduna ni wọ́n ti máa yẹ̀ yín wò. Èmi rí ọkùnrin kan tó dúró lẹ́bàá títì tó ń jẹ ọsàn méjìlá tán kó tó dé géètì. Ẹ ra èso níwọ̀nba.

Fíìsà: ti Ọsirélíà ò wọ New Zealand. Tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà lẹ ní, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ máa gbà wọ́n kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ti Britain, tiyín rọrùn, àmọ́ ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gba NZeTA, ìyẹn ìwé àṣẹ ìwọ̀lú tí wọ́n ń gbà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ tó wọ báàlù New Zealand, kẹ́ ẹ sì san $100 tiwọn lé e lórí fún owó àlejò. Tẹ́ ò bá tíì ju ọdún 35 lọ, ẹ wo working holiday dáadáa kẹ́ ẹ tó gba fíìsà àbẹ̀wò lásán, èèyàn á lè ṣiṣẹ́ díẹ̀ fi ra epo.

Àwọn tó bá fẹ́ ra mọ́tò dípò kí wọ́n háyà, tàbí campervan, ìyẹn bọ́ọ̀sì tí wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí nínú: ẹ má torí pé ẹni tó ń tà á ń rẹ́rìn-ín, ó sì ń fi kọ́fí ṣe yín lálejò, kẹ́ ẹ kówó lé e lọ́wọ́. Ní Ọsirélíà, dọ́là méjì péré lẹ máa fi yẹ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára mọ́tò (VIN) wò lórí PPSR, àkọsílẹ̀ gbèsè tí ìjọba gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, á sọ fún yín bí gbèsè bá wà lórí ẹ̀, torí tí gbèsè bá wà, ẹni tó yá a lówó lè wá gbé mọ́tò lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ háyà, ẹ ka ohun tí ìńṣọ́ránsì ò bò, torí ọ̀nà tí wọn ò da ọ̀dà sí, òrùlé, abẹ́ mọ́tò àti omi iyọ̀ sábà máa ń wà níbẹ̀. Tollgate wọn ní Sydney, Melbourne àti Brisbane ò gba owó lọ́wọ́, kámẹ́rà ló ń ka nọ́ńbà, bíìlì á dé lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti padà sílé, àwọn oníháyà á sì fi tiwọn lé e.

Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń wà. Èyí ò tó nǹkan fún ará London, àmọ́ ẹni tó bá kọ́ mọ́tò ní Nàìjíríà lẹ́yìn 1972 tá a yí sọ́wọ́ ọ̀tún, ọjọ́ àkọ́kọ́ kọ́ ló máa ṣàṣìṣe, ọjọ́ kẹrin ni, láàárọ̀, tó bá ń jáde nílé epo tí títì dá. Ní New Zealand, àwọn afárá kan wà tí mọ́tò kan ṣoṣo ń gbà kọjá lẹ́ẹ̀kan, tí ọfà kékeré pupa bá jẹ́ tiyín, ẹ dúró kẹ́lòmíì kọjá.

Ẹ má sùn síbi tó wù yín nínú mọ́tò ní New Zealand, tí ọkọ̀ yín ò bá ní ṣáláńgá tí wọ́n kàn mọ́ ọn nínú àti ìwé ẹ̀rí ẹ̀, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ san owó ìtanràn. Tó bá di òkun, ẹ lúwẹ̀ẹ́ láàárín àsíá pupa àti yẹ́lò nìkan, ní àríwá ẹ wo àkọlé ọ̀nì dáadáa kẹ́ ẹ tó ki ẹsẹ̀ bọ omi, bó ti wù kómi náà mọ́ tó. Oòrùn ibẹ̀ sì ń jó awọ dúdú náà.

Àwọn tó bá wá fẹ́ fi erékùṣù kún un, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọ abúlé kan ní Fíjì, ẹ má kàn já wọbẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà, ẹ ra gbòǹgbò yaqona, ìyẹn kava tí wọ́n ń lọ̀ mu, lọ́jà, ẹ gbé e fún olórí abúlé, sevusevu ni wọ́n ń pè é, bíi kéèyàn gbé obì lọ kí baálẹ̀ ni. Ẹ ṣí fìlà, ẹ bo èjìká. Ní Sàmóà, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà tẹ́lẹ̀, September 2009 ni wọ́n yí sí òsì, òdìkejì ohun tí àwa ṣe. Wọ́n tún fo odidi December 30, 2011 kí ọjọ́ wọn lè bá ti New Zealand mu, torí ẹ̀, láti ibẹ̀ sí American Samoa tó wà nítòsí, ẹ ó padà sí àná, ẹ wo déètì orí tíkẹ́ẹ̀tì yín lẹ́ẹ̀mejì. Tóńgà ní tiẹ̀, ọjọ́ Sunday, òfin ló ti ọ̀pọ̀ jù lọ nǹkan pa, ṣọ́ọ̀ṣì ló kù.

Àbúrò mi gbọ́ràn, ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án láti Melbourne dé Adelaide, òun àtọ̀rẹ́ ẹ̀ jà lẹ́ẹ̀kan péré, lórí ẹni tó jẹ Indomie tó kù. Lánàá ó tún fi plan tuntun ránṣẹ́: Fíjì, Sàmóà, Tóńgà, ọjọ́ mẹ́fà. Mo wò ó. Sunday ló fi sí Tóńgà.