Bí a ṣe ń fi bóòtù de àpáta nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì

Bóòtù àpáta, ìyẹn ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń de àpáta, kì í ṣe òpó o. Inú àpáta gan-an ló ń wọ̀ lọ, á so ìpele tó fẹ́ já bọ́ mọ́ èyí tó le lókè, kí àpáta lè máa gbé ara ẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi ọ̀pá irin gígùn lu àjà. Ibi tó bá dún gooro bí agogo, kò séwu. Ibi tó bá dún gbù, ó ti là nínú, ẹ wó o sílẹ̀, àmọ́ abẹ́ ibi tí bóòtù ti wà ni kẹ́ ẹ dúró sí. Lẹ́yìn náà ẹ lu ihò, ẹ fọ ẹrùpẹ̀ inú ẹ̀ jáde. Bóòtù mílímítà 20, ihò 28 lèmi ń lù fún un, tó bá sì gùn ní mítà 2, mi ò kí ń jẹ́ kí àárín méjì ju mítà 1 lọ. Ẹ so téèpù mọ́ ọ̀pá dírílì kẹ́ ẹ lè mọ ibi tẹ́ ẹ máa dúró, torí tí ihò bá jìn jù, ẹ̀yìn bóòtù ni gọ́ọ̀mù tó yẹ kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ihò máa sá sí.

Ibi tí wọ́n ti ń bà á jẹ́ nìyí: gọ́ọ̀mù inú ọ̀rá yẹn, ìyẹn résìnì. Èyí tó ń tètè gan ló ń kọ́kọ́ wọlé, èyí tó ń pẹ́ á tẹ̀ lé e. Ẹ máa yí bóòtù bẹ́ ẹ ṣe ń tì í, kó lè fa ọ̀rá ya kí gọ́ọ̀mù àti oògùn tó ń mú un gan nínú ẹ̀ pò, tó bá kan òpin ihò lókè, ẹ yí i fún iye ìṣẹ́jú-àáyá tí wọ́n kọ sára páálí, ẹ dá a dúró, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́! Àwọn kan á ní àwọn fẹ́ kó mú dáadáa, wọ́n á tún yí i díẹ̀ sí i, gọ́ọ̀mù tó ti ń gan á fọ́ wẹ́wẹ́ nínú ihò, lóde ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹlòmíì á kàn tì í wọlé láì yí i. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n fa irú ẹ̀ wò, ó yọ wọ̀ọ̀, ọ̀rá ṣì wé e lára, gọ́ọ̀mù ṣì rọ̀, kò gan. Òtútù náà ń fa ọwọ́ gọ́ọ̀mù sẹ́yìn, ooru ń yára mú un gan, torí náà ibi tútù ni kẹ́ ẹ kó o sí.

Tó bá ti gan lókè, ẹ fi nọ́ọ̀tì fún pélétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tó ń wà lẹ́nu ihò, mọ́ àpáta. Tí ojú àpáta bá dagun, wáṣà onígbáá ni kẹ́ ẹ lò, ẹ má ki igi sábẹ́ ẹ̀, igi á gbẹ, á sún kì, bóòtù á dẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí i tó yá pé pélétì ń tẹ̀, àpáta ti ń sún nìyẹn. Ẹ má tú u o, ẹ ri bóòtù tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.