Ìyẹ́ Funfun Lára Òròmọdìyẹ Dúdú: Ẹ Má Tíì Mú Ọ̀bẹ

Ẹ ra ẹyin Australorp, ìran adìyẹ dúdú kan, àgbébọ̀ sàba lé e, ó sì pa gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ fi máa pé ọ̀sẹ̀ 4, ìyẹ́ funfun ti yọ létí apá àwọn kan nínú wọn. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ síni lọ́kàn ni pé ẹni tó ta ẹyin náà ti dà á lù. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí bẹ́ẹ̀. Australorp, Jersey Giant àti àwọn ìran dúdú mìíràn kì í dúdú tán lọ́mọdé. Ikùn wọn máa ń funfun tàbí kó rí bí ìyeyè, ṣóńṣó apá náà sì máa ń funfun. Bí wọ́n ṣe ń dàgbà ni funfun yẹn ń jábọ́, tí dúdú ń rọ́pò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó tó oṣù 6

Ìhùùhù ni òròmọdìyẹ ń gbé jáde látinú ẹyin. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 6, ìyẹ́ ti bo ara rẹ̀, àmọ́ ìyẹ́ ọmọdé ni. Yóò tún pààrọ̀ rẹ̀, kò sì ní wọ ìyẹ́ àgbà tán títí di nǹkan bí oṣù 5 sí 6. Ìgbà yẹn ni ẹ tó lè dájọ́ àwọ̀. Ìdúró yìí tún ní àǹfààní mìíràn, torí àléébù kan wà tó jẹ́ pé ìgbà tí àkùkọ bá ń bàlágà ló ń yọjú: ìyẹ́ pupa tàbí aláwọ̀ wúrà lọ́rùn àti léjìká àkùkọ dúdú. Èyí tó dúdú minimini lóṣù 3 lè já yín kulẹ̀ lóṣù 6.

Ẹ mọ ohun tí ìran yín gbà pẹ̀lú. Dúdú nínú ìrù Rhode Island Red kì í ṣe àléébù. Lára Barred Plymouth Rock, adìyẹ tó ní ilà dúdú àti funfun, abo máa ń ṣú ju akọ lọ, nítorí akọ jogún ilà lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, abo sì jogún tirẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá nìkan. Bí ẹ bá sì so akọ àti abo Orpington aláwọ̀ búlúù pọ̀, ẹ má bẹ̀rù bí ẹ bá rí dúdú: ìdá mẹ́rin kan yóò dúdú, ìdajì yóò jẹ́ búlúù, ìdá mẹ́rin tó kù yóò funfun pẹ̀lú àbàwọ́n káàkiri, èyí tí wọ́n ń pè ní splash. Ẹni tó bá fẹ́ búlúù nìkan, dúdú àti splash ni kó so pọ̀.

Oúnjẹ àti ọgbẹ́

Bí oúnjẹ kò bá ní àwọn èròjà bíi lysine, irin, kópà tàbí folic acid tó, àwọ̀ ìyẹ́ lè ṣá. Bó bá kan ọ̀pọ̀ ọmọ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọn ò sì dàgbà dáadáa, oúnjẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ìyẹ́ kan ṣoṣo tó hù ní funfun níbi tí adìyẹ míì ti fi ẹnu ṣá a, ọgbẹ́ ló fà á. Èyí kì í ṣe ohun àjogúnbá.

Funfun tó fara pamọ́

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìṣe. Bàbá dúdú, ìyá dúdú, ọmọ kan funfun láti orí dé ìrù, oṣù 6 sì pé, kò yí padà. Àwọ̀ funfun kan wà tí kì í hàn àfi bí ọmọ bá gbà á lọ́dọ̀ òbí méjèèjì. Nítorí náà, bàbá àti ìyá ló fi pamọ́ sára. Ní ìpíndọ́gba, ọmọ 1 nínú 4 ni yóò funfun, àmọ́ nínú 3 tó dúdú, 2 ṣì ń gbé e kiri. Pípa tí ẹ pa funfun yẹn kò lè mú funfun tó fara pamọ́ náà kúrò nílé.

Èmi á ní kí ẹ tọ́ ọ dàgbà, torí òun gan-an ni yóò tú àṣírí àwọn yòókù. Bó bá jẹ́ abo, ẹ so ó mọ́ àkùkọ dúdú tí ẹ ń fura sí. Bí àkùkọ náà bá ń gbé funfun, nǹkan bí ìdajì ọmọ ni yóò funfun. Bí ọmọ 10 bá jáde tí gbogbo wọn dúdú, ẹ fọkàn balẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan péré nínú 1,024 ni èyí fi lè ṣẹlẹ̀ fún àkùkọ tó ń gbé e. Ẹ má fi Leghorn funfun dán an wò o. Funfun tirẹ̀ yàtọ̀, ó máa ń bo dúdú mọ́lẹ̀, kò sì ní sọ òótọ́ fún yín.

Àkùkọ míì lè fo ọgbà wọlé pẹ̀lú, kó sì gun abo yín. Àtọ̀ rẹ̀ lè wà lára abo fún ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, nígbà míì ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ya abo náà sọ́tọ̀, kí ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ 4 kí ẹ tó kó ẹyin tí ẹ fẹ́ kí àgbébọ̀ sàba lé. Lẹ́yìn èyí, kò sí àbàwọ́n kankan lára rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé abo tí àkùkọ ìta gùn ti bàjẹ́ títí láé ò sọ òótọ́.

Ta ni kó bímọ?

Bí ẹyin àti ẹran lẹ ń wá, àwọ̀ ò yẹ kó dà yín láàmú. Fún ẹni tó ń tọ́jú ìran, ara líle, ìdúró àti yíyé ẹyin ni kó kọ́kọ́ wò, kí àwọ̀ tó tẹ̀ lé e. Agbo kékeré tí wọ́n ń yọ adìyẹ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ìyẹ́ kan ṣoṣo yóò di ẹbí tó ń fẹ́ra wọn, ẹyin rẹ̀ ò sì ní máa pa dáadáa mọ́. Adìyẹ tó dára tó ní àléébù kékeré ṣì lè bímọ, bí ẹnì kejì rẹ̀ kò bá ṣáà ti ní irú àléébù kan náà.

Ẹ fi òrùka nọ́ńbà sí ẹsẹ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ bàbá àti ìyá rẹ̀ sínú ìwé, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 6, oṣù 3 àti oṣù 6.