Wọ́n gbá mọ́tò yín díẹ̀, ínṣọ́ránsì wá ń fẹsẹ̀ falẹ̀: bẹ́ ẹ ṣe máa bá wọn fà á

Jàǹbá kékeré yìí gan-an ló máa ń di àríyànjiyàn, torí kò sẹ́ni tó ṣèṣe, ọlọ́pàá lè má dé ibẹ̀ rárá, ẹ bẹ ara yín, ẹ gba nọ́ńbà, kálukú wa mọ́tò ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń sọ lójú títì pé "ẹ máà bínú, èmi ni mo jẹ̀bi", tó bá délé tó ro iye tó máa ná an, ó lè sọ fún ínṣọ́ránsì ẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ ṣàdédé tẹ bíréèkì. Ó wá di ọ̀rọ̀ ẹnu yín sí ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀.

Torí náà kí wọ́n tó sún mọ́tò kankan, tí ibẹ̀ ò bá ti léwu, ẹ yọ fóònù. Ẹ ya fọ́tò láti ọ̀ọ́kán kí mọ́tò méjèèjì, ìlà ojú títì àti iná tráfíìkì hàn, kẹ́ ẹ tó wá sún mọ́ ọn ya ibi tó wó àti nọ́ńbà mọ́tò. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ya tiwọn nìkan, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ya mọ́tò ẹnìkejì náà yípo, títí kan ibi tí nǹkan kan ò ṣe, kó má di pé wọ́n á tún ka iná iwájú tó ti fọ́ tipẹ́ mọ́ yín lọ́rùn. Ẹ gba orúkọ àti nọ́ńbà ẹni tó rí i. Tí kámẹ́rà bá wà nínú mọ́tò yín tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tó wà nítòsí, ẹ tètè wá fídíò yẹn, torí tuntun á gorí ẹ̀ á sì pa á rẹ́. Ẹ má sì sọ pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi o, kódà tẹ́ ẹ bá rò bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ínṣọ́ránsì ló kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ò gbọ́dọ̀ gba ẹ̀bi láìsọ fáwọn.

Ẹ jẹ́ kí ínṣọ́ránsì tiyín gbọ́ kíá, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ fẹ́ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Gbèdéke wà nínú ìwé yín, tẹ́ ẹ bá sì jẹ́ kó kọjá wọ́n ti rí àwáwí nìyẹn.

Tí wọ́n bá wá ń ṣagídí, ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tẹ́ ẹ ń jà lé lórí. Tó bá jẹ́ ta ló jẹ̀bi ni, fọ́tò àti ẹlẹ́rìí ló máa gbè yín. Wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi ru ẹni tó gbá èèyàn lẹ́yìn, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà, pàápàá tí mọ́tò iwájú bá ń rífáàsì tàbí tó ṣàdédé já wọ iwájú yín. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ pín ẹ̀bi sí méjì, ẹ má tètè gbà, ẹ bi wọ́n pé ẹ̀rí wo ni wọ́n fi ṣe é. Tó bá jẹ́ comprehensive lẹ ní (ínṣọ́ránsì tó ń bo mọ́tò tiyín náà), ẹ lè jẹ́ kí tiyín sanwó àtúnṣe kí wọ́n wá máa lé ínṣọ́ránsì ẹnìkejì fúnra wọn, tí wọ́n bá rí owó gbà, excess tẹ́ ẹ san (ìyẹn apá owó tí ẹ̀yin fúnra yín máa ń san nínú àtúnṣe) náà yẹ kó padà. Third party nìkan, ìyẹn èyí tó ń bo ohun tẹ́ ẹ bá bàjẹ́ fún ẹlòmíì? Tiyín ò ní tún mọ́tò yín ṣe, ọ̀dọ̀ ẹnìkejì lẹ máa lọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó ló ní ọgbọ́n nínú jù. Ẹni tí ínṣọ́ránsì rán wá wo mọ́tò lè wo fọ́tò lásán kó kọ owó bọ́ńpà, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yìn bọ́ńpà làwọn ṣẹ́ńsọ̀ àti irin tó gbé e dúró wà, ẹni tí ò bá tú u ò lè rí i. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: páàtì, owó iṣẹ́, ọ̀dà. Kẹ́ ẹ wá gba tiyín lọ́wọ́ mẹkáníìkì méjì, kí àwọn náà kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí "ó máa tó báyìí báyìí" kì í ṣe ìwé. Tí mẹkáníìkì bá tú u tó tún rí ìbàjẹ́ míì, kó dúró, kó ya fọ́tò, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kó tó máa báṣẹ́ lọ, ẹ má sì ju páàtì àtijọ́ nù. Tí wọ́n bá sì ní mọ́tò ò ṣeé tún ṣe mọ́, ẹ wá iye tí wọ́n ń ta irú ẹ̀, ọdún kan náà, máìlì tó sún mọ́ra, kẹ́ ẹ fi risíìtì gbogbo nǹkan tuntun tẹ́ ẹ fi sí i kún un.

Tí wọ́n bá ní pólísì yín, ìyẹn ìwé ínṣọ́ránsì yín, ò bo irú ẹ̀, gbólóhùn kan péré ni: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́ka sí ibi tó wà nínú pólísì mi, kẹ́ ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́." Ẹ máa rí i pé ohùn àwọn míì á yí padà lójijì.

Gbogbo ìpè fóònù, ẹ fi ímeèlì tẹ̀ lé e lọ́jọ́ yẹn náà: "A sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ ní ẹ máa fèsì kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Tí ínṣọ́ránsì ẹnìkejì bá pè pé kẹ́ ẹ wá sọ tẹnu yín káwọn gbà á sílẹ̀, ẹ ní kí wọ́n bá tiyín sọ̀rọ̀. Ọrùn lè má dùn yín àfi lọ́jọ́ kejì, torí náà ẹ má sọ fẹ́nì kankan pé kò sí nǹkan tó ṣe yín kẹ́ ẹ tó mọ̀. Fọ́ọ̀mù tó bá sì sọ pé ẹ ti gba owó tán pátápátá, ẹ ò ní ẹjọ́ mọ́, ẹ má sáìnì ẹ̀ nígbà tí àtúnṣe ò tíì parí, ó ṣòro kó tó padà sẹ́yìn.

Tó bá ṣì le, ẹ kọ ẹ̀sùn sí ẹ̀ka tó ń gba ẹ̀sùn níbẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń ṣe kíléèmù yín (owó tẹ́ ẹ ní kí wọ́n san), kẹ́ ẹ béèrè ìdáhùn ìkẹyìn lórí ìwé. Ìwé yẹn lẹ máa gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń parí irú aáwọ̀ yìí tàbí tó ń bójú tó wọn: nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Financial Ombudsman Service, ọ̀fẹ́ ni, oṣù 6 sì ni wọ́n fún yín látọjọ́ ìdáhùn ìkẹyìn, ní Amẹ́ríkà, ọ́fíìsì ínṣọ́ránsì ìpínlẹ̀ yín, ní Nàìjíríà, NAICOM. Kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré ló kù lẹ́yìn ẹ̀.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìyẹn, ẹ jókòó ṣírò ẹ̀. Tí owó àtúnṣe ò bá fi bẹ́ẹ̀ ju excess yín lọ, tí kíléèmù náà sì máa gba ẹ̀dínwó tí wọ́n ń fún yín pé ẹ ò tíì béèrè owó rí, ó lè sàn kẹ́ ẹ tún un ṣe fúnra yín.