Bí èmi àti ọmọ mẹ́jọ ṣe fi fóònù ya ìtàn Ẹ̀pẹ́

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi kọ́ ọmọ mẹ́jọ ní Ẹ̀pẹ́ bí wọ́n ṣe lè fi fóònù ya ìtàn ìlú wọn. Ọmọ ọdún 14 sí 17 ni wọ́n, fóònù mẹ́ta péré la sì jọ ń lò.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo ní kí wọ́n mú ìtàn kan wá. Gbogbo wọn ní Kòsọ́kọ́ ni. Ó yé mi. Lọ́dún 1851 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó. Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí, kó tó padà sílé ní 1862. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Èkó Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá a wá, lọ́tọ̀, tí Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́, àwọn tí wọ́n bá nílé, náà sì wà lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ ti ń pín ipa fún ara wọn: ta ni yóò jọba, ta ni yóò gbé ìbọn. Mo wá bi wọ́n pé, "Nílé yín, ẹnu ta lẹ ti gbọ́ ọ?" Kẹ́kẹ́ pa. Ọmọbìnrin kan ló ní ìyá àgbà òun máa ń sọ ọ́ tí wọ́n bá ń ha ìpẹ́ ẹja lọ́jà. Bí a ṣe rí fíìmù wa nìyẹn.

A ò fọwọ́ kan fóònù lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Mo ní kí oníkálukú lọ jókòó ti àgbà kan, kó bi í ní ìbéèrè. Ọmọkùnrin kan bi bàbá rẹ̀ pé, "Ṣé ẹ gbádùn ìgbà èwe yín?" Bàbá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni." Ó parí. Mo ní kó padà lọ, kó ní kí wọ́n sọ nípa ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ dá wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà. Ọbẹ̀ alẹ́ tutù síwájú wọn lọ́jọ́ yẹn.

Yíyà fúnra rẹ̀ kò le: ẹ di fóònù mú ní ìbú, ẹ fún ìgbúnwọ́ mọ́ ìhà, ẹ ka 10 nínú kí ẹ tó dá a dúró, kí ìmọ́lẹ̀ kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Kí ẹ sì máa nu ojú kámẹ́rà, torí òróró ẹja kì í fi ọwọ́ sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

A gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn àgbà ọjà Olúwo, a sì ya màmá, ìyá àgbà ọmọbìnrin yẹn, láàárọ̀. Nígbà tí a délé, "fùù" nìkan la gbọ́. Atẹ́gùn ọ̀sà ti gbé gbogbo ọ̀rọ̀ lọ. Ẹ̀bi mi ni, mi ò ki ìgbọ́rọ̀ sétí nígbà tí a ń yà á. Ó dùn mí gan-an.

Lọ́jọ́ kẹta a padà. A gé fóòmù lára mátírẹ́ẹ̀sì àtijọ́, a fi wé máìkì kékeré, a há a mọ́ bùbá màmá, a sì sún sí ẹ̀yìn ògiri. "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ tún dé? Ẹ jókòó."

Láàárín ọ̀rọ̀, màmá dákẹ́. Ọmọ tó di fóònù mú fẹ́ tún béèrè, mo rọra fọwọ́ kan èjìká rẹ̀. Màmá ha èpìyà méjì tán, ìpẹ́ lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ wọn, ó ń dán. Wọ́n wá ní ààrò ẹja nìkan ni ìyá ńlá wọn gbé sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, torí wọ́n ní ogun á tán, ebi ò ní tán. Wọn ò sọ ìyẹn lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Wákàtí méjì fídíò la gé di ìṣẹ́jú 9. Àwọn ọmọ fẹ́ fi orin bo gbogbo rẹ̀, mo kọ̀. Ìró ọ̀bẹ lára ìpẹ́ tó.

Màmá la kọ́kọ́ fi hàn, nínú àgbàlá wọn. Wọ́n ní ká yọ orúkọ ẹnìkan, a yọ ọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ká tún un fi hàn. Lẹ́yìn náà, wọ́n kọjú sí ọmọ-ọmọ wọn: "Ẹ lọ bá àwọn ará Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ náà, kí wọ́n sọ tiwọn. Àwọn la bá nílé."

Sátidé tó ń bọ̀ là ń lọ.